Ìyá Àgbà Mi àti Ààlà Tí Kò Ní Ìbú

Nínú gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá, èmi Lásísì nìkan ni mo tíì fi okùn wọn òjìji ìkùukùu. Orí ìkùukùu náà wà ní Tápà, ìdí rẹ̀ wà ní Èrúwà, mo sì wọ̀n ọ́n tán kí afẹ́fẹ́ tó gbé e lọ. Ajá mi ló fi eyín di etí kejì okùn náà mú. Nígbà tí mo fi máa padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ajá náà ti darúgbó, irun imú rẹ̀ ti funfun. Ẹni tí kò bá gbà kó lọ bi ajá.

Ìyá àgbà mi náà kò gbà. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ fún ènìyàn pé irọ́ lo pa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi ọ́, ìbéèrè náà á sì bọ́ aṣọ lára rẹ. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n jókòó sórí àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n ní, "Lásísì, nígbà tí o wọ̀n ọ́n láti orí dé ìbàdí, tí o tún wọ̀n ọ́n láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ṣé méjèèjì papọ̀ jẹ́ iye tí o rí nígbà tí o wọ̀n ọ́n lódindi?"

Mo ní n kò pín in sí méjì.

Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Á jẹ́ pé o ò wọn nǹkan kan. Ìrìn lo rìn."

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn o. Mo ti ní ọmọ-ọmọ. Síbẹ̀ mo dìde níbẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ti lọ báyìí. Gbogbo Igbó-Ọrà ló mọ̀ wọ́n sí Ìyá Olóṣùwọ̀n, nítorí pé kò sí ohun tí wọn kì í wọ̀n, kò sì sí òṣùwọ̀n ẹlòmíràn tí wọn kì í tún wọ̀n wò. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọ́n dúdú, ọwọ́ wọn le bí èèpo igi. Ọmọkùnrin méjì péré ni wọ́n bí. Èkíní ni bàbá mi, èkejì ni bàbá Múìbì. Àwọn méjèèjì ti kú ṣáájú ìyá wọn, ó wá ku èmi àti Múìbì. Mo fi ọjọ́ ọjà kan ju Múìbì lọ, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n rán lọ sílé ìwé gíga. Ìwé mẹ́fà ni tèmi mọ. Ó di tíṣà ìṣirò, èmi di àgbẹ̀, mo sì ń pa irọ́ mọ́ ọn.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Láti ìgbà tí mo ti lójú títí di ọjọ́ tí Ìyá àgbà kú, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá lọ́wọ́ wọn: kí n gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé tèmi nínú ọkàn wọn kò kéré sí ti Múìbì. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ àwọn àgbàlagbà mìíràn tí irú rẹ̀ ń ṣe, wọn ò kàn ní sọ ni.

Gàrí ni wọ́n ń tà. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ta gàrí ní ọ̀dọ̀ wa: olùtà á bù ú kún kóńgò, á tún wa orí lé e títí yóò fi ga bí òkè. Orí yẹn ni oníbàárà ń wò. Ìyá àgbà kì í fi orí lé e. Pẹlẹbẹ igi kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi gé gàrí náà dọ́gba pẹ̀lú etí kóńgò. Lójú gbogbo ọjà, ahun ni wọ́n.

Obìnrin kan láti Igangan wá lọ́jọ́ kan, ó gbọ́n. Ó ní kí wọ́n má fi kóńgò wọ̀n ọ́n fún òun, kí wọ́n fi agolo kékeré tó jẹ́ ìdajì kóńgò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ wa orí lé e.

Ìyá àgbà wò ó. "Ìdajì méjì, kí ló jẹ́?"

"Odindi kan ni, Ìyá."

"Bí mo bá wa orí lé ìdajì méjèèjì, tí mo dà wọ́n sínú kóńgò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Yóò ya sílẹ̀."

"Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀." Wọ́n gé agolo náà dọ́gba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dà á sínú àpò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ki ọwọ́ bọ inú abọ́, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ gàrí lé e lórí lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò wò ó, wọn kò gé e. Wọ́n ní, "Ti àkọ́kọ́ ni òṣùwọ̀n. Èyí ni èènì. Má da méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn láé."

Èènì yẹn ló ba ayé mi jẹ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá pín ẹ̀wà fún èmi àti Múìbì, wọ́n á pín in débi pé bí ẹ bá fi òṣùwọ̀n wúrà wọ̀n ọ́n, kò ní yẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè rí wí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn pípín, wọ́n á ki ọwọ́ bọ ìkòkò, wọ́n á fi èènì kún ti olúkúlùkù. Ibẹ̀ ni ojú mi máa ń là kedere. Mo wo ọwọ́ wọn. Ó dà bíi pé ìka wọn máa ń sún mọ́ra jù nígbà tó bá kan tèmi. Mo wá wá páálí ìṣáná kan tó ṣófo, mo ń kó èènì mi sínú rẹ̀ kí n tó jẹ ẹ́, kí n lè mọ iye tó jẹ́. Mo sì ní kí Múìbì fún mi ní tirẹ̀ kí n wọ̀n ọ́n. Múìbì ti gbé e mì.

Ìyá àgbà ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fi ẹ̀wà kún páálí ìṣáná. Mo rò pé wọ́n á nà mí. Wọ́n gba páálí náà, wọ́n yí i wò, wọ́n dá a padà fún mi. "Ìyẹn kì í gbé inú òṣùwọ̀n," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Kì í ṣe pé mi ò ní oríkì. Àjàgbé ni. Ṣùgbọ́n ẹ lè jókòó lẹ́nu ọ̀nà Ìyá àgbà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ ò ní gbọ́ Àjàgbé. Ti Múìbì ni ẹ ó máa gbọ́. "Àkànjí, ṣé o ti dé? Àkànjí, jókòó síbí." Èmi, Lásísì ni, bí ẹni pé wọ́n ń ka orúkọ ní ilé ìwé. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Lásísì, ariwo rẹ nìkan ti tó oríkì. Kí la tún fẹ́ fi kún un?"

Wọ́n fẹ́ràn ìjà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í bínú jà. Ẹni tó bá pe nǹkan ní iye tí kò jẹ́ ni wọ́n máa ń bá jà. Wọ́n bá télọ̀ jà, nítorí pé ó wọn igbáàyà wọn lẹ́ẹ̀mejì tó sì rí iye méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n bá ọmọ kan tó ń gun ọ̀kadà jà lójú ọ̀nà oko, nítorí ó ní iye tí òun ń gbà láti lọ gbọ́dọ̀ ju iye tí òun ń gbà láti bọ̀ lọ, nítorí pé ọ̀nà náà gùn jù ní lílọ.

"Ṣé ọ̀nà mìíràn lo máa gbà bọ̀?" Ìyá àgbà ti gun ẹ̀yìn ọ̀kadà tán, wọ́n ti ká aṣọ wọn mọ́ra.

"Ọ̀nà kan náà ni, Màmá. Òkè ló pọ̀ ní lílọ."

"Ọmọ mi, bí ọ̀nà kan bá gùn ní lílọ tó sì kúrú ní bíbọ̀, epo rẹ lò ń wọ̀n, o ò wọn ọ̀nà."

Ọmọ náà gbé wọn lọ, ó gbé wọn bọ̀, iye kan náà ló gbà. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló máa ń gbé wọn, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé wọn. Èmi náà jowú ọmọ ọlọ́kadà yẹn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ti ọjọ́ ìsinmi kan, ọjọ́ tó dùn mí jù. Mo ru iṣu láti oko wá fún Ìyá àgbà, iṣu ńlá, irú èyí tí ènìyàn ń gbé fún ẹni tó ń wá ojúrere rẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá Múìbì lórí ẹní. Wọ́n ń bi í léèrè ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

"Òṣùwọ̀n ni, Ìyá."

"Òṣùwọ̀n gàrí?"

"Òṣùwọ̀n ohun gbogbo. Ẹ mú nǹkan kan, ẹ gé e bí ó bá ṣe wù yín, ẹ wá fún ègé kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ibi tí kò bá ti sí nǹkan kan, òdo ni. Ègé tí kò bá wọ inú ara wọn, bí ẹ bá ro iye wọn pọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye gbogbo wọn lápapọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ ṣe kì í ṣe òṣùwọ̀n."

"Bí wọ́n bá wọ inú ara wọn ńkọ́?"

"Ẹ ó yọ ibi tí wọ́n ti pàdé kúrò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá àgbà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àkànjí, tún un sọ." Ó tún un sọ. Wọ́n ní kó tún un sọ sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń ta gàrí ni mo ti ń wá ẹnu tí mo fi máa sọ ọ̀rọ̀ yìí."

Èmi ṣì dúró pẹ̀lú iṣu lórí. Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ̀ ọ́.

Múìbì rí i pé ọ̀rọ̀ ń dùn, ó wá fi ìgbálẹ̀ fa ìlà kan sórí ilẹ̀. Ó ní ẹyọ ojú kan ṣoṣo, bí àmì tóótó, lórí ìlà yẹn, ibi tí orí abẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ lè gbà, kò ní gígùn rárá, òdo ni. Ṣùgbọ́n irú ojú bẹ́ẹ̀ náà ló kún ìlà láti òpin dé òpin.

Ìyá àgbà fi ìka tẹ ìlà náà. "Òdo àti òdo àti òdo, ṣé kò ní jẹ́ òdo?"

"Òdo ni, bí ẹ bá lè tò wọ́n sílẹ̀ kí ẹ máa kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tilẹ̀ ń kà wọ́n lọ láìdúró, òdo náà ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí ìlà kò ṣeé tò bẹ́ẹ̀, Ìyá. Bí ó ti wù kí ẹ tò wọ́n tó, àwọn kan á ṣì wà tí kò sí nínú ohun tí ẹ tò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. N kò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu wọn, mo sì ti ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo sọ iṣu mi kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Mo ní kí ni ìyẹn, èmi ti ka gbogbo ojú tó wà lórí ọ̀nà láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, ó ku ẹyọ kan péré kí n kà wọ́n tán ni adìyẹ kan ṣa á jẹ.

Wọ́n fi etí aṣọ nu ojú wọn. "Tìrẹ dùn, Lásísì. Ṣùgbọ́n ti Àkànjí ni màá gbé lọ sórí ibùsùn."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe, tí mo fi mọ̀ pé bí mo bá wà láyé títí, n kò ní rí irú wọn mọ́.

Ilẹ̀ oko kan wà tí Ìyá àgbà jogún lọ́dọ̀ bàbá wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn kú, wọ́n pín in fún èmi àti Múìbì, ìdajì ìdajì. Àwọn fúnra wọn ló na okùn náà, wọ́n sì gbin pèrègún sójú ààlà. Múìbì ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, ó ti padà wálé wá ń dáko. Èmi nìkan ni mo ti ń dáko tẹ́lẹ̀ o. Kí ló tún ń wá ní oko?

Ní ọdún kìíní tó padà dé, mo fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún, n kò gbin nǹkan kan síbẹ̀, mo gbá a mọ́ tónítóní. Ìdí ni pé bí Múìbì bá kọjá sínú oko mi, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn. Ọlọ́gbọ́n ni mí. Àfi bí mo ṣe dé lọ́jọ́ kejì tí mo rí i pé Múìbì náà ti gbá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé.

"Tíṣà, ẹsẹ̀ ta nìyí lórí ilẹ̀ tí mo gbá?"

"Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ni, Bàbá Sìkírá."

"Ewúrẹ́ tó wọ bàtà?"

"Ewúrẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa lọ sílé ìwé."

Mo bá fẹ ilẹ̀ gbígbá mi sí i, kí ewúrẹ́ tó mọ̀wé má baà lè fò ó. Ó fẹ tirẹ̀. Mo tún fẹ tèmi. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ebè ń dín kù, ìgbálẹ̀ là ń rà. Iṣu wá ń kéré, ẹ̀gẹ́ ń kéré, olúkúlùkù wa sì ń lọ sọ fún Ìyá àgbà pé ẹnì kejì ti jẹ òun nílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, a gbọ́ ìró ọ̀kadà. Ìyá àgbà ni. Ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè bi wọ́n. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yọ okùn wọn. Wọ́n ní kí Múìbì di etí kan mú, kí èmi di èkejì mú. Wọ́n wọn ìbú oko náà lódindi. Wọ́n wọn ibi tí ebè mi dé, wọ́n wọn ibi tí ebè Múìbì dé. Wọ́n ro méjèèjì pọ̀. Kò pé.

"Ta ló mú ìyókù?"

"Òun ni." Ẹnu kan náà la fi sọ ọ́.

"Ẹ dùbúlẹ̀."

A rò pé a ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní ká dùbúlẹ̀ ní ìbú, láti ẹ̀bá ebè tèmi títí dé ẹ̀bá ebè tirẹ̀. Bàbá àgbà méjì, tíṣà tó fẹ̀yìn tì àti èmi, a na gbalaja sórí ilẹ̀ tútù. Orí mi wà nídìí ebè mi, ẹsẹ̀ Múìbì wà nídìí ebè tirẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi sì kan irun orí rẹ̀. A gba ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọmọ ọlọ́kadà kọjú sí igbó, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìyá àgbà dúró lé wa lórí. "Inú kan náà ni bàbá yín méjèèjì ti jáde. N kò mọ̀ pé ilẹ̀ tó tó èyí wà láàrin wọn."

Múìbì ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká dìde, ìkamùdù ń bọ̀."

"Kó máa bọ̀. Kò sẹ́ni tó jí ilẹ̀ nínú yín. Owú ni ẹ gbìn síbẹ̀, ẹ sì ń gbá ìdí rẹ̀ fún un." Wọ́n tẹ̀, wọ́n fa pèrègún tó wà láàrin tu. Wọ́n ní, "Ààlà kò ní ìbú. Ohun tó bá ti ní ìbú, oko ni. Oko yìí, tèmi ni."

Wọ́n sì gbin ẹ̀gúsí sí i. Bàrà tó so lórí ilẹ̀ yẹn lọ́dún náà, ẹnì kan láti Igangan gba ẹyọ kan lọ́wọ́ wọn, ó gbẹ́ inú rẹ̀, adìyẹ rẹ̀ ṣì ń sùn nínú rẹ̀ títí di òní. Èmi àti Múìbì ló ń bó ẹ̀gúsí náà fún wọn, ní ojúkojú, lórí ẹní kan. Mo ń wo atẹ́ rẹ̀, ó ń wo tèmi. Bí wọ́n bá rí wa bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ bó o. Ẹ má wọ̀n ọ́n."

Báyìí tí wọ́n ti lọ, ilẹ̀ àárín yẹn wà níbẹ̀. Òjò ti ń ṣú. Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án nínú àwa méjèèjì, nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ebè síbẹ̀ ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹbí ń bi wá pé ta ni Ìyá fún. Ìdí nìyí tí mo fi gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ kẹ́yìn. Ọ̀sán ni. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Wọ́n la ojú, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Àjàgbé, mo ti wọn ìwọ àti Múìbì. Ìwọ lo fi díẹ̀ jù. Ilẹ̀ àárín, tìrẹ ni."

Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dá ibẹ̀ yẹn sọ, láti orí Àjàgbé títí dé òpin rẹ̀. Wọn kò pè mí ní Àjàgbé, wọn kò sì fún mi ní ilẹ̀ kankan. Mo ti ń fi ọkàn kọ gbólóhùn yẹn láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, mo fẹ́ mọ bí yóò ṣe rí lórí ìwé. Ó dára lórí ìwé.

Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Wọ́n la ojú, wọ́n wò mí pé bóyá èmi ni, wọ́n ní, "Lásísì, ṣé Múìbì ti jẹun?"

Mo ní ó ti jẹun. Wọ́n di ojú.

Kò tíì jẹun. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń retí kí n jáde kó lè ráyè wọlé. Mo jáde. Iyán tí ìyàwó mi gbé wá fún mi wà níbẹ̀, mi ò tíì ṣí i. Mo gbé e síwájú rẹ̀, mo ní Ìyá ní kó jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọbẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó wọlé lọ bá wọn. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá èmi ti jẹun.